Ẹni Iwájú Ló Ń Gbọn Ìrì

Gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí kò tíì pẹ́ tí a sin ín, ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá di ojú, gìgísẹ̀ méjèèjì yẹn ni mo máa ń rí, ó sán káàkiri, ti ẹsẹ̀ òsì sì ní àpá kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Òun ni àkọ́bí. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Àbúrò wa ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi, òun ni ìyá wa fi kádìí ọmọ bíbí. Àwọn tí kò dúró wà láàárín wa. Orúkọ gbogbo wọn, àti òkú àti alààyè, wà lẹ́nu mi bí orúkọ ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé kàyé yìí. Àbúrò wa kì í pe àgbà lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ló ń pe ẹni iwájú, Ẹ̀gbọ́n Kékeré ló ń pe èmi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ti ní ọmọ-ọmọ, Ẹ̀gbọ́n Kékeré náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí.

Ní Towé, abúlé kan lẹ́bàá Pobẹ̀ tí wọ́n bí wa sí, ilé wa jìnnà sóko. Ìyá wa á ti ṣíwájú lọ ṣa ẹyìn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwa á gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà oko yẹn kò gbà ju ẹnì kan lọ, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga ju àwa ọmọdé lọ. Nígbà òjò, ìrì òwúrọ̀ á tutù nini. Àgbà ló ń ṣíwájú, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀. Òun ló ń fi ara gbọn ìrì, òun ló ń fi ojú já òwú aláǹtakùn, tí ejò bá wà lọ́nà, òun ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Tí a bá dé oko, aṣọ ẹ̀gbọ́n mi á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára títí dé àyà. Tèmi á tutù dé orúnkún. Àbúrò wa tó wà lẹ́yìn pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbẹ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní. Orin ló máa ń kọ.

Àwọn kan á ní orí tí oníkálukú yàn ló ń bá a rìn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ọ̀nà yẹn ló mọ wá bí a ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá ní ọjọ́ báyìí la ó sin bàbá wa, ọjọ́ yẹn náà ni. Kì í jókòó jẹun tí kò bá tíì kà wá kó rí i pé a pé. Àbúrò wa ò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó lọ sí Kútọnu láìmọ ẹnì kan níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó padà wálé pẹ̀lú ìyàwó àti ẹ̀rín. Èmi tí mo wà láàárín, mo ń gbọ́ èémí ẹni iwájú, mo ń gbọ́ orin ẹni ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà. Gìgísẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò gbé ojú sókè rí láti wo ibi tí à ń lọ.

Ọjọ́ kan ló fi èyí hàn. Ẹ̀gún wọ ẹ̀gbọ́n mi ní gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé igbá oúnjẹ rù mí, ó ní kí n di àbúrò wa lọ́wọ́ mú, pé ọ̀nà tí mò ń rìn lójoojúmọ́ náà ni. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò wa tó mẹ́rin. Nígbà tí a dé oríta ìdí àràbà, mo yà síbi tí kò yẹ. Ilẹ̀ dúdú ni ọ̀nà yẹn já sí, amọ̀ tó jẹ́ pé tí òjò bá ti bà á, á máa gbé ẹsẹ̀ èèyàn mì. Àbúrò wa rì dé itan. Mo fà á, èmi náà rì. Oúnjẹ dà nù. Mo kígbe títí ohùn mi fi há.

Oòrùn ti ga kí ẹ̀gbọ́n mi tó tiro dé ọ̀dọ̀ wa. Ó na igi sí wa, ó fà wá jáde. Kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Ó já ewé, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára àbúrò wa, lẹ́yìn náà ló wò mí.

“Ìwọ, ẹ̀yìn ni kó o máa wà.”

Mo sì wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n mú mi kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta, mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdílé ọkọ mi wá láti Sakété, ẹ̀gbọ́n mi ló dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọmọ mi kejì ń ṣàìsàn, òun ni mo sáré lọ bi. Á kọ́kọ́ bú mi, á ní ṣé orí tó wà lọ́rùn mi, wọ́n yá mi ni. Lẹ́yìn náà, á sọ ohun tí mo máa ṣe.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a sin ín tí ìyàwó àbúrò mi fi pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ kan, ní Sakété, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní inú ti ń run ọkọ òun láti àná, ó ń bì, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀. Ó ní òun ti pe nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n Àgbà lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó rántí. Mi ò bú u. Èmi náà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Ẹ̀gbọ́n á ti mọ ohun tí a ó ṣe.

Mo gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn. Títí a fi dé Pobẹ̀ ni mò ń ka orúkọ àwọn ará ilé wa tí inú rírun pa. Ọlọ́kadà náà bi mí bóyá mò ń gbàdúrà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Faransé ló ń sọ, nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ èdè wa sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ìfun àbúrò mi ló lọ́, wọ́n ní láti là á kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí wọ́n bá là á, ó lè má jí, nítorí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Tí wọn ò bá là á, kò ní rí òwúrọ̀ ọ̀la. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ síwèé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè fọwọ́ ara òun sí ohun tó lè pa ọkọ òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní ohun tí àgbà bá ti wí. Òun tó ni ikùn náà sọ bákan náà.

Nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà dání, ó béèrè pé, “Ta ni àgbà níbí?”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i ná. Ó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Ẹ̀gbọ́n Kékeré, ìwé ti dọ́wọ́ yín?”

“Ó ti dọ́wọ́ mi.”

“Ẹ wá ń wò ó bí ẹni ń wo gìgísẹ̀.”

Mo bi í pé tí mo bá fọwọ́ sí i tó sì kú ńkọ́. Ó ní a jẹ́ pé òun ló kú nìyẹn, kí n má du ikú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora gbé e, òógùn bò ó. Nígbà tó rọlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ rántí ọjọ́ ẹrẹ̀?”

Mo ní ta ni yóò gbàgbé.

“Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣìnà. Èmi ni mo ní mo rí gèlè ìyá wa lọ́hùn-ún, mo sì fà yín lọ́wọ́. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́.”

Mi ò rántí gèlè kankan. Èmi tí mo rántí àwọ̀ igbá oúnjẹ tó dà nù, mi ò rántí gèlè. Ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ rántí? Àbíkẹ́yìn sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tu èèyàn lójú, òun ni wọ́n fi ń rí jẹ lọ́wọ́ àwa àgbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ó mọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó sì jẹ́ kí n máa gbé ẹ̀bi náà kiri. Bóyá ohun tó ń sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé ẹni tó wà níwájú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn fà á. Bóyá ó gbàgbé. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Nọ́ọ̀sì ti gbé yíǹkì wá kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá, kí ó fún mi ní bíìkì ìkọ̀wé. Orúkọ mi ni mo kọ, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, lẹ́tà tó kẹ́yìn sì já bọ́ kúrò lórí ìlà.

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan. Fóònù mi ò sinmi. Ọmọ rẹ̀ pè, ọmọ arábìnrin ìyá wa pè, gbogbo wọn ń béèrè ohun kan náà: kí la ó ṣe báyìí, Màmá? Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mi ò mọ̀ bóyá sùúrù ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá sọ. Ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kó dákẹ́, ohùn tó jáde lẹ́nu mi le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dákẹ́. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Ọ̀sán ti pọ́n, ó ti ń yẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó jáde. Ó tún béèrè àgbà. Mi ò bojú wẹ̀yìn mọ́, mo ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àbúrò mi ti jí, kí n wọlé, èmi nìkan.

Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó rí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, òùngbẹ ń gbẹ mi.”

Wọ́n ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ mumi. Mo rẹ etí ìró mi sínú omi, mo fi ra ètè rẹ̀. Mo dúró kó sọ ìyókù, kó sọ Kékeré. Oorun ti tún gbé e lọ.

Ó ti padà sílé báyìí. Ó ń jẹun, ó ń bú ìyàwó rẹ̀ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò láta, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ nínú ilé, èmi ni wọ́n ń pè, mo sì ń dáhùn, lẹ́yìn náà mi ò ní lè sun oorun ọ̀sán. Òun náà máa ń pè mí láràárọ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” á ní, “ẹ káàárọ̀ o.” Á dákẹ́ díẹ̀ kó mí. Mo máa ń dúró nínú ìdákẹ́ yẹn, bóyá yóò fi Kékeré kún un. Kò tíì fi kún un.