Àgbá Òjò Inú Cortile Wa

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò omi ìyá mi lọ, ẹ̀yin ọmọ, òjò kì í ṣú ní Ìsẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́jẹ́. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú báyìí, ohùn ìyá mi ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́: "Ẹ gbé korobá jáde o! Ẹ gbé ọpọ́n!" Àwa ọmọdé á tú síta, a ó to gbogbo ohun tó bá lè gba omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, títí kan ìkòkò ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí a kò gbọdọ̀ rú. Omi tó bá kọ́kọ́ dà láti orí páànù kì í ṣe tiwa. "Ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé ná," ni ìyá mi máa ń wí. A ó dúró lábẹ́ òjò, ara á máa yún wa, títí omi orí páànù á fi mọ́ gaara. Ìgbà náà ni wọ́n á ní, "Ó yá!" Háà, ayọ̀ ń bẹ! A ó sáré gbé korobá sábẹ́ páànù, a ó yọ̀ ṣubú, a ó tún dìde, ẹ̀rín ò ní tán lẹ́nu wa.

Mo dàgbà, mo rìn jìnnà, mo ṣiṣẹ́ irin ní Torino, nílẹ̀ Italy, kí n tó fẹ̀yìn tì sí Nichelino níbí. Ẹ̀rọ ni à ń ṣí tí omi ń dà, mi ò sì ronú kan òjò mọ́, àfi ìgbà tí kò rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá le débi pé comune, ìjọba ìlú wa, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi ẹ̀rọ bomi rin ọgbà lọ́sàn-án. Tẹ̀tẹ̀ àti ata tí mo gbìn sínú cortile, àgbàlá ilé wa, dorí kodò. Ó dùn mí bí ẹni pé ọmọ ń ṣàìsàn.

Ọmọ mi obìnrin ló mú ìròyìn wálé. "Bàbá, ẹ má banú jẹ́. Tí ẹ bá ra àgbá tí ń gba omi òjò, comune á dá díẹ̀ padà nínú owó yín. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ará palazzo gbọ́dọ̀ gbà."

Gbogbo ará ilé alájà wa gbà, àfi ìyá àgbà kan tó jù mí lọ, ọmọ Italy, tí ń gbé ìsàlẹ̀ pátá. "No, no! Le zanzare!" Ẹ̀fọn ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ tòmátì tiwọn náà ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀tẹ̀ mi o!

Mi ò bá wọn jà. Mo gbé àga jókòó tì wọ́n, mo fi Italian mi tí kò délẹ̀ sọ ti ìyá mi fún wọn, ti ìkòkò ọbẹ̀, àti bí a ṣe ń yọ̀ ṣubú. Wọ́n gbọ́ títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá tèmi náà," wọ́n ní, "omi òjò ló fi ń fọ irun mi lábúlé. Irun mi á rọ̀ bí òwú." Wọ́n wo tòmátì wọn. "Ṣé àwọ̀n máa wà lẹ́nu àgbá náà?"

"Àwọ̀n tó nípọn, signora."

"Èmi fúnra mi ni màá so ó."

Mo ra àgbá, wọ́n sì so ó lóòótọ́. Àgbá wà lófìfo, à ń wojú ọ̀run, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ-ọmọ mi pariwo lókè: "Nonno, piove! Òjò, piove!" Gbogbo palazzo tú sí cortile. Ìyá àgbà ò mú agbòjò. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, irun funfun wọn tutù rinrin. Èmi náà bọ́ bàtà, mo jó. Àgbá kún, tẹ̀tẹ̀ jí, tòmátì jí, a sì ń fún ara wa jẹ lójú fèrèsé.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, àìní ló ń lé wa sábẹ́ òjò, kò sì sẹ́ni tó kí wa kú iṣẹ́. Lónìí, omi wà nínú ògiri, síbẹ̀ ìjọba ń fi owó bẹ èèyàn pé kó gbé àgbá síta. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a fi àìní ṣe, ọgbọ́n ni ẹ̀yin fi ń ṣe é. Bí òjò bá ṣú, ẹ jáde.