Ọjọ́ Tí Àwọn Ọkọ Gbé Ìrẹsì

Obìnrin kan wà tí kì í ṣe olorì, tí kì í ṣe àǹjọ̀nú. Alásè ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dáná fún àwọn ọmọ iléèwé, débi pé títí dòní, tó bá fẹ́ se oúnjẹ òun àti ọkọ rẹ̀, odindi ìkòkò ló máa ń kún. Ìyá Ìwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ike pupa kan tó fi ń wọn oúnjẹ. Kò sí ọmọ tó na àwo sí i rí tó gbé e padà lófìfo. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn láyé nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò lè jókòó. Òun àti àwọn obìnrin mélòó kan gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n kan pákó mọ́ ògiri, wọ́n ń kó oúnjẹ jọ síbẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní. Ilé Oúnjẹ ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Ogójì ìdílé ló ń wá, oúnjẹ sì ń kárí, torí pé ìjọba ní káàdì tó fi ń bọ́ àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí. Ti Ilé Oúnjẹ kàn ń kún un ni.

Àfi bí káàdì ìjọba ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ní àwọn ọ̀gá ń jà lókè, àwọn kan ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tó bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tu ú jáde bí ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ogójì ìdílé di ọgọ́fà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku àpò ìyẹ̀fun kan àti agolo tòmátò méjì lórí pákó. Ìyá Ìwọ̀n ń wo agolo méjì náà bí ẹni ń wo aláìsàn. Ṣé ẹnu òun náà ló máa wá sọ pé oúnjẹ ti tán?

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni fóònù dún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù tó wà lódì kejì ojú irin ló pè.

"Ìyá, ọgọ́rin àpò ló wà níbí, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ọ̀gá mi ní kí n fún yín. Ṣùgbọ́n ẹrù tuntun ń bọ̀ láago méjìlá ọ̀la. Tẹ́ ò bá tíì kó o nígbà yẹn, ibòmíì ló ń lọ o."

"Ọmọ mi, a óò kó o. Kódà kí n fi eyín gbé e!"

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ bá wọn kẹ́rù wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó ní, "Ìyá, ó ti kú. Kò sùn o, ó kú pátápátá ni."

Ni Ìyá Ìwọ̀n bá fa fóònù yọ, ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin Ilé Oúnjẹ, tí wọ́n ti tó ọgbọ̀n báyìí. Kò fi àmì sórí, kò fi àmì sábẹ́. Ta ló ráyè ìyẹn lórí fóònù? Ohun tó kọ nìyí:

"Eyin iya mi, e jowo, eni to ba ni oko ko mu un wa si Ile Ounje laago mesan aaro ola. Eru po. Bo ti wu ko gbo to, ko buru, bo ba sa ti le rin."

Láago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na etí sílẹ̀ de ìró ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Aránṣọ ló kọ́kọ́ yọ, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Òun rèé. Ó ti ń kùn láti ilé, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le."

Ìyá Ìwọ̀n yọjú wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. "Ọkọ̀ dà?"

"Òun náà kọ́ ni mo mú wá yìí?"

Kó tó dáhùn, márùn-ún mìíràn ti dé, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Ọ̀kan wọ ṣòkòtò tó fi sùn. Ọ̀kan ṣì ní ọṣẹ ìfọyín létí ẹnu. Obìnrin kan mú bàbá arúgbó kan wá tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò burú tó bá gbó." Nọ́ọ̀sì opó ló ṣìkẹyìn, ojú ń tì í. "Ẹ má bínú o. Ọdún kẹfà rèé tí tèmi ti kú. Ti aládùúgbò mi ni mo yá. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n dá a padà kó tó di ọ̀sán."

Ìyá Ìwọ̀n mú fóònù, ó ka ìwé tó kọ, ó tún un kà. Ó wá lọgun: "Yéè! Ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀ onítáyà!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ láìfi nǹkan kan sí i lórí," ni aránṣọ wí. "Ọkọ tó wà nílé ni mo rí mú."

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ògiri mú. Ìyá Ìwọ̀n kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wo aago: mẹ́sàn-án ti kọjá ní ogún ìṣẹ́jú. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Arúgbó ọlọ́pàá—ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá ni mò ń wí—kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Iṣẹ́ alárù ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣe ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ka àwọn ọkùnrin náà: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Láti ibí dé ilé ìkẹ́rù, irinwó ìṣísẹ̀ ni," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má rìn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tó o bá gbà, gbé e fún ẹni tó kàn, kó o padà síbi tó o wà. Ẹ tò!"

Wọ́n tò. Wọ́n kọjá ojú irin, wọ́n yí igun, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ilé Oúnjẹ. Àpò àkọ́kọ́ gbéra.

"Gbà!"

"Ó dọwọ́ ẹ!"

"Rọra, èjìká mi kì í ṣe tábìlì!"

"Ìyàwó ẹ ní apá ẹ le, ṣé irọ́ ló pa ni?"

Nọ́ọ̀sì wá bi Ìyá Ìwọ̀n léèrè pé, "Mà, tiyín ńkọ́?" Háà! Ó ti gbàgbé. Ó pe ilé: "Bàbá, ẹ dìde. Gbogbo ọkọ ti dé, ẹ̀yin nìkan ló kù." Bàbá sáré dé, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ara wọn, wọ́n sì fi í sẹ́nu ọ̀nà kó máa to àpò sórí ara wọn.

Nígbà tí àpò ọgọ́rin wọlé, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Ìwọ̀n mí kanlẹ̀, èémí náà gùn bí ẹni pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń há a mọ́ra.

Lọ́sàn-án, ìlà àwọn tó wá gba oúnjẹ gùn dé títì. Obìnrin kan tó gbé ìbejì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́, ló wà níparí. Ó ń na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Mà, ṣé ó máa kàn mí?"

"Á kàn ẹ́, á tún ṣẹ́kù. Jókòó, ìyá ìbejì, má fi ìdúró pa ara ẹ."

Ó kàn án. Ó ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, àpò mẹ́tàlélógún ṣì wà ní ìdí ògiri.

Nígbà náà ni ebi tó wá rántí Ìyá Ìwọ̀n. Láti Ọjọ́ Ajé, kò tíì jẹun yó. Ó délé, ó jẹ ẹ̀wà àwo méjì, ó sì sùn lọ lórí àga kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń hanrun tí fèrèsé fi ń gbọ̀n.