Láàárín Pèrègún Méjì

Bí ilẹ̀ bá lẹ́nu ni, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti Òṣogbo títí dé Ìbòkun ni ì bá ti pe Zulkifli lẹ́jọ́. Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ni, katapílà ló sì ń wà láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí gegele tó rí tí ara rẹ̀ gbà á. Sikirat ìyàwó rẹ̀, ìyá Munawwarah ọmọ wọn, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kọ tó bá ní kókó kò lè gba ọ̀fun ọkọ òun kọjá. Bó bá sọ ilẹ̀ di pẹrẹsẹ tán, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, á máa wò ó bóyá ó dọ́gba. Pèrègún nìkan ni kì í fọwọ́ kàn, torí pèrègún ni ẹlẹ́rìí ààlà, ẹni tó bá hú u ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Màmá Phebe, opó kan ní ẹ̀bá Ìbòkun, ló pè é wá síbi oko ọkọ rẹ̀ tó ti di igbó. Ebè àtijọ́ àti ọ̀gán ló kún ibẹ̀. Màmá fẹ́ kó tẹ́jú kí wọ́n lè gbin koríko fún màlúù, ó fi ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án, ó sì lọ wá oúnjẹ.

Láàárín oko, Zulkifli rí pèrègún méjì tó kọjú síra. Ó rò pé ààlà ọmọ ìyá méjì kan láyé àtijọ́ ni. Kò já ewé kan. Àlàfo àárín wọn kò gba katapílà, ló bá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọkọ́ wọ́ gegele kékeré tó wà níbẹ̀ palẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó ń wò ó. Ibẹ̀ ni màmá bá a. Abọ́ oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Munawwarah, àyà ọkọ mi lẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé yẹn.”

Zulkifli fò dìde bí ẹni tí iná jó. Innálílláhì ló ń wí. Pèrègún kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀! Láńrewájú, ọkọ màmá, ló ní kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì bo òun, kí òjò lè máa rọ̀ sí òun lára. Gegele yẹn nìkan ló kù tí màmá ń rí fọwọ́ kàn bí àárò rẹ̀ bá ń sọ ọ́.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun lòun fi ọ̀rọ̀ sàréè pamọ́, torí òun rò pé bí Zulkifli bá gbọ́, kò ní ṣiṣẹ́ náà. Òun ti gbọ́ pé kì í fọwọ́ kan pèrègún, òun sì gbà pé ìyẹn tó láti ṣọ́ ọkọ òun.

Zulkifli kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ jọ. Ọwọ́ tó ti ń wó gegele láti kékeré kò mọ bí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Ó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Màmá, ṣé ó ti ga tó?”

“Ó kù díẹ̀,” ni màmá wí, ó sì ń bá a kó o.