Iṣẹ́ Tí Òkú Kò Rán

Ọdún tí òkè ya lulẹ̀ bo Yangka, ọmọ kan ṣoṣo tí Lhazin bí, ni Lhazin fúnra rẹ̀ dákú. Àwọn ará abúlé náà, ní orí òkè Bútáànì, rò pé ó ti kú, wọ́n ti ń to igi tí wọn yóò fi sun òkú rẹ̀ nígbà tó jí, tó ní òun ti rí ọmọ náà lọ́hùn-ún: "Ó ní orúkọ mi lòun pè kẹ́yìn, ẹ̀rù ò sì ba òun." Láti ìgbà náà ló ti di dèlógì, ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ayé àti ọ̀run. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, yóò dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ yóò tutù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà ṣìnà. Bó bá jí, a jíṣẹ́ òkú fún alààyè. Wọn a gbé bọ́tà fún un láti fi dúpẹ́.

Kuenga, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kó bá òun wo Tenpa, ọ̀rẹ́ òun tó kú sí Íńdíà.

Nígbà tí òṣùpá kún, Lhazin dùbúlẹ̀. Ó jí, ó ń gbọ̀n. "Inú òtútù ló wà. Ó ń sunkún. Ó ní kí ẹ tan fìtílà fún òun."

Kuenga gbé fóònù sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Tenpa, wọ́n ní òtútù ń pa ẹ́."

"Òtútù kẹ̀? Ooru ni ò jẹ́ n sùn! Màmá, ẹ bá mi kí wọn lọ́run o! Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun tán ná!"

Ẹ̀rín bú gbàù.

"Mi ò purọ́," ni Lhazin wí. "Mo rí i."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ìyẹn gan-an ló burú."

Lóòótọ́, ó rí Tenpa kedere, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí Yangka. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gún un lọ́kàn. Ó dìde, ó lọ bá Gakimo, aládùúgbò tó wà lóko pẹ̀lú ọmọ náà lọ́jọ́ tí òkè ya.

"Kí lọmọ mi sọ kẹ́yìn?"

"Ìyá Yangka, ìwọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ lò ń bi mí?"

"Ṣáà sọ fún mi."

"Mo rò pé o ti mọ̀ ni mi ò ṣe sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan ló kù níta, tó ń jù ú títí tó fi dákẹ́. Ọmọ tí ẹrẹ̀ kún lẹ́nu, báwo ló ṣe máa pe orúkọ èèyàn?"

Òṣùpá tún kún, wọ́n tún gbé bọ́tà dé, títí kan àwọn tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkú kan tó jọ Tenpa ló rí. Lhazin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò dùbúlẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ rí."

Wọ́n bú u. Wọ́n ní ahun ni, pé ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀ nìkan ló fẹ́ máa lọ.