Egungun Kẹta Nínú Etí Mi

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì ni etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀. Kò dùn mí, kò sì ṣọyún. Ọkọ mi á pè mí láti pálọ̀, n kò ní dáhùn. Ó ní ìgbéraga ni. Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ ni pé bí a bá jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sekona, tí ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, mo máa ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀, tí yàrá wọn fara ti tiwa nínú agbo ilé wa l'Ẹ́dẹ. "Màámi, inú ariwo ló ti ń gbọ́. Ilé tó bá dákẹ́ ni kì í gbọ́. Ṣé àìsàn nìyẹn?"

Màámi ní ìwà ni.

Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá pèpàdé lé mi lórí. Wọ́n sọ̀rọ̀ sùúrù, wọ́n sọ̀rọ̀ ìtẹríba, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. N kò gbọ́ ju ìdajì lọ, mo kàn ń mi orí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní àwọn ò tíì rí obìnrin tó ń gbọ́ ìmọ̀ràn tó báyìí.

Màámi ò fi ti ìpàdé nìkan ṣe. Wọ́n ro àdín lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí mi létí. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n fún omi àlùbọ́sà sí i. Etí mi ń ta sánsán bí ọbẹ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mo kọrí sí ilé ìwòsàn. Ọkọ mi tẹ̀lé mi, kí dókítà lè bá a dá ẹjọ́ náà. Dókítà, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, lu irin kékeré kan, ó ń hùn. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí mi, mo gbọ́ ọ fírífírí. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi, ó dún ketekete.

"Inú etí yín lọ́hùn-ún ò bàjẹ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà ló dí."

Wọ́n ní egungun kéékèèké mẹ́ta ló wà lẹ́yìn awọ etí. Bí ohùn bá kọ lu awọ náà, awọ á mi àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ á ti èkejì, èkejì á ti ẹ̀kẹta, tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, kí ìyẹn tó kan ilẹ̀kùn yàrá inú, níbi tí omi wà. Ẹ̀kẹta tèmi ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn náà, kò lè mira mọ́.

Ọkọ mi ò gbà. "Dókítà, ṣé kì í ṣe pé ó ń díbọ́n?"

"Egungun kì í díbọ́n, sà."

"Báwo ló ṣe ń gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo níbẹ̀, sà. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò fi bẹ́ẹ̀ wọ etí wọn, ohùn yín ló ń wọlé."

Mo rí i pé ó dùn ún. Ẹjọ́ tó ti rò pé òun jàre ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí etí ọ̀tún, wọ́n fi nǹkan tín-ín-rín kan rọ́pò egungun tó lẹ̀. Òòyì kọ́kọ́ ń kọ́ mi. Nígbà tó yá, mo kírun àárọ̀ tán, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ níta. Omi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí Màámi fi ń bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ ní yàrá wọn:

"Ọbẹ̀ rẹ̀? Ọmọ mi kàn ń gbé e mì ni."

Mo dáhùn láti ibi tí mo wà: "Màámi, ẹ kú àárọ̀ o. Kí ló kù tí mo lè fi kún un?"



Kò pẹ́ tí ọkọ mi wọlé, ojú ń tì í. Ó ní ìyá òun ń béèrè bóyá egungun yẹn tún lè lẹ̀ padà. Mo ní kó sọ fún wọn pé dókítà ò tíì ṣe etí òsì, kí wọ́n máa gba ibẹ̀ sọ tiwọn.