Ọ́ìlì Jíà, Iṣẹ́ Ẹni Méjì

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tí kò kánjú rí láyé rẹ̀, ẹ wo Bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Awakọ̀ ilé ìwòsàn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí tó bá dé ibi kòtò, ńṣe ló dà bíi pé ó fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ló ń pè é.

Èyí obìnrin nínú àwọn ìbejì ọ̀hún ló bímọ sí ìlú òkèèrè, ni Ìyá Ìbejì bá di ẹrù, ó lọ wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Ọmọ ọ̀hún ti ń sáré kiri báyìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ òwe tó sọ ẹni tí yóò máa wo ilé àgbà náà nígbà tó bá wà lọ́jà.

Àwo kan, ṣíbí kan, ife kan ni Bàbá ń fọ̀ lójúmọ́. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn sí. Apá òsì wà ní títẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Láti àárọ̀ ni tẹlifíṣàn ti ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó ń wò ó, ohùn èèyàn ló ń wá. Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ń dùn ún gan-an, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí Ìyá Ìbejì wá tẹ̀ ẹ́ láago pé òun ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá gbá ilé, ó tún un gbá. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wa mọ́tò lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Àmọ́ ara mọ́tò náà kò yá. Tí wọ́n bá fi sí jíà, á kọ́kọ́ rò ó wò, lẹ́yìn náà á wá fò gìjà. Bàbá mọ ohun tó ń ṣe é: ọ́ìlì jíà ti gbó. Mẹkáníìkì wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n ilé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti máa ń pààrọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bàbá á wọ abẹ́ mọ́tò, á tú nọ́ọ̀tì, á gbé ike sábẹ́ rẹ̀ kí èyí tó gbó dà sínú rẹ̀, á sì fi àrọ da tuntun sí i láti òkè. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì á jókòó sídìí sítíárìn, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, á máa gbé ọwọ́ jíà láti ibì kan dé ibòmíì kí ọ́ìlì lè rìn káàkiri inú rẹ̀, kí Bàbá tó fa géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ láìpa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà tó wà lára jíà kò kan Ìyá Ìbejì. Orúkọ tirẹ̀ ló sọ wọ́n, á sì máa lọgun wọn jáde: "Ìdúró! Ẹ̀yìn! Kò-síbí-kò-sọ́hùn-ún! Iwájú!" Ẹ̀rín á máa pa Bàbá lẹ́nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà obìnrin á bèèrè pé, "Ṣé ó tó?" Tí kò bá tó, Bàbá á ní ó kù díẹ̀, á bu sí i, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Ìdúró.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òun nìkan ló wọ abẹ́ mọ́tò. Èyí tó dà jáde dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Bàbá wọ̀n ọ́n, ó sì da tuntun tó pupa rokoṣo sí i ní ìwọ̀n kan náà. Bó ṣe ń yọ àrọ ni fóònù dún.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọkùnrin tó bá ti bá obìnrin gbé pẹ́ á mọ ìgbà tí ìbéèrè oúnjẹ kì í ṣe ti oúnjẹ.

"Mo ti jẹun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ yín ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tuntun, kò sì sẹ́ni tó máa bá a di ọmọ mú. Ó bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù, kí n dúró títí ọmọ á fi wọ iléèwé. Ṣé ẹ ń bínú?"

Bàbá wo àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó wù ú kó sọ pé òun náà ń fẹ́ ẹni tó máa di òun mú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Mi ò bínú. Ọmọ wa náà ni." Ó fẹ́ kúrò lójú kan, ló bá fẹsẹ̀ gbá sípánà.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Sípánà ni. Ọ́ìlì jíà ni mò ń pààrọ̀."

"Ẹ̀yin nìkan? Ta ló wá wà nídìí sítíárìn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ohùn Ìyá Ìbejì yí padà. "Ẹ fi fóònù sí sípíkà, kí ẹ gbé e sórí síìtì. Ẹ̀yin ẹ máa gbé jíà, èmi á máa pè é."

Bàbá wọ inú mọ́tò, ó ṣáná sí i, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa.

"Ṣé ẹ ti tẹ bíréèkì?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ó yá o. Ìdúró! Ẹ̀yìn! Kò-síbí-kò-sọ́hùn-ún! Iwájú!" Ariwo náà gba inú mọ́tò kan bó ṣe máa ń gbà á kan tẹ́lẹ̀. "Ẹ dá a padà sí Ìdúró, ẹ lọ wò ó."

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè máa gbọ́ ọ, ó lọ síwájú mọ́tò. Ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ inú rẹ̀ padà, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì pupa náà dúró sójú àmì òkè gẹ́lẹ́. Kò lé, kò dín. Ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣe é, kò tíì wọ̀n ọ́n kó ṣe wẹ́kú báyìí rí.

"Bàbá Ìbejì!" Ohùn náà jáde láti inú mọ́tò. "Ṣé ó tó?"

Bàbá fi àkísà nu géèjì mọ́ tónítóní.

"Ó kù díẹ̀," ó dáhùn. "Jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti Ìdúró."