Ọjọ́ Tí A Fi Ìdọ̀tí Adágún Pamọ́ fún Ìjọba

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè rí ìdọ̀tí kí n dákẹ́. Ìyẹn ló kù díẹ̀ kó lé mi kúrò nílé.

Adágún kan wà lẹ́yìnkùlé mi ní Ekosodin, àdúgbò ẹ̀gbẹ́ yunifásítì. Gbogbo gọ́tà àdúgbò ló ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀rá àti ike sì ti dí i pa. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á wọ yàrá bá mi. Àìmọye lẹ́tà la kọ pé kí ìjọba fowó sí àtúnṣe rẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ní tí owó ò bá jáde lọ́tẹ̀ yìí, òun á wá kó mi. Ó tiẹ̀ fi Ghana-must-go mẹ́ta ránṣẹ́, pé kí n máa di ẹrù. Mo ń dì í, mo ń sunkún. Ilé tí mo ti ń gbé látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba!

Ni wọ́n bá ní ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà ń bọ̀ wá wo adágún. Háà! Kí àlejò pàtàkì bá wa nínú ẹ̀gbin kẹ̀? Mo kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa jáde, mo kó àwọn ọmọ yunifásítì tó yá ilé lọ́dọ̀ wa mọ́ wọn. A ṣa ọ̀rá, a ṣa ike. Nígbà tí àpò tán, mo da aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rọ ìdọ̀tí kún Ghana-must-go mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tò ó sẹ́yìn ilé ìdáná mi, a fi tapólì bò ó. Ṣebí ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo.

Lọ́jọ́ kejì, alága ìgbìmọ̀ wo omi tó ń dán. “Mama, dis water fine o!” Ó pa fáìlì dé, ó ní àwọn á gbé owó náà lọ síbi tí ìyà ti ń jẹ wọ́n. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Ojú tì mí, àmọ́ ìtìjú kì í dá omi dúró. Mo fà á lápá aṣọ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo ṣí tapólì. Òórùn! Ó fi táì bo imú. Mo ní, “Ọ̀gá, adágún yẹn gan-an rèé. Nítorí yín la ṣe kó o pamọ́ lánàá.” Ó wo òkìtì, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí ìdáná mi. Ó ní ibòmíràn, ńṣe ni wọ́n máa ń bù kún ìdọ̀tí kí wọ́n lè rówó gbà. Ó ní ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán ṣe èyí ò ní jẹ́ kí àtúnṣe bà jẹ́. Ló bá tún ṣí fáìlì.

Owó jáde! Katakata gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n tún gọ́tà ṣe, wọ́n gbin igi yí omi ká. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, mo ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Omi ò wọlé. Èmi nìkan ni mo jó nínú yàrá mi, tayọ̀tayọ̀.

Ọmọ mi gbọ́ nípa òjò náà, ló bá gbé mọ́tò wá láìsọ fún mi.

“Mọ́mì, àwọn báàgì yẹn dà?”

Mo ní, “Wọ́n ti lọ sí ààtàn. Bọ́ bàtà rẹ, ilẹ̀ gbẹ.”